Ṣé òótọ́ ni pé lẹ́ǹsì awò ojú ni gíláàsì iwájú bàálù ogun Japan?

Ìbéèrè náà ni pé: ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pé ojú àwọn awakọ̀ bàálù Japan kò ríran dáadáa, débi pé wọ́n ní láti lọ gíláàsì iwájú bàálù wọn bíi lẹ́ǹsì awò?

Irọ́ ni, kò sì lè ṣiṣẹ́. Lẹ́ǹsì awò kì í jìnnà sí ẹyinjú ju nǹkan bíi mílímítà 12 lọ. Gíláàsì iwájú bàálù ńkọ́? Ká fi í sí sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹni tí nọ́ńbà awò rẹ̀ bá jẹ́ -2, ohunkóhun tó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 50 níwájú rẹ̀ ti di bàìbàì. Lẹ́ǹsì irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń fa àwòrán ohun tó wà lókèèrè sún mọ́ ọn, àmọ́ àwòrán náà kì í kọjá lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Òdìkejì lọ́hùn-ún ló máa ń dúró sí. Bí gíláàsì bá wà ní 60, àwòrán á jìnnà ju 60 lọ. Ojú tí agbára rẹ̀ parí sí 50 kò ní rí i kedere, bó ti wù kí wọ́n lọ gíláàsì náà tó.

Ti ẹni tó jẹ́ -1 ṣeé gbìyànjú: wọ́n á lọ gíláàsì rẹ̀ sí -2.5. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá tibẹ̀ wò á kéré di ìdá méjì nínú márùn-ún. Bàálù ọ̀tá tó rí bí eṣinṣin lókèèrè á pòórá. Bó bá mi orí díẹ̀, ohun gbogbo á yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Báwo ló ṣe fẹ́ yìnbọn bá nǹkan kan? Ẹni tó bá nílò lẹ́ǹsì, inú awò tí awakọ̀ ń dè mórí ló rọrùn láti fi í sí.

Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kí ogun tó dé Pacific, àwọn kan ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ya ará Japan pẹ̀lú awò róbótó àti eyín gàǹgà. Wọ́n tún ní pípọ̀n tí ìyá wọn pọ̀n wọ́n ní kékeré ti ba inú etí wọn jẹ́, tí òòyì fi ń kọ́ wọn lófuurufú. Ọ̀rọ̀ yìí dunni, torí ta ni wọn ò pọ̀n nínú wa?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1941, àwọn ará Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10, bàálù wọn ri Prince of Wales àti Repulse, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, nítòsí Malaya. 840 èèyàn ló bá a lọ. Síbẹ̀, àwọn kan ń sọ pé ará Jámánì ló wa àwọn bàálù náà.

Àléébù tòótọ́ wà lára Zero, bàálù ogun Japan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ojú. Èyí tó já ní erékùṣù Akutan, ní Alaska, ní oṣù Kẹfà, 1942, ni àwọn ará Amẹ́ríkà tún ṣe tí wọ́n sì fò. Kò sí irin tó ń dáàbò bo awakọ̀, táǹkì epo rẹ̀ kò lè dí ihò ọta fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń kú bí wọ́n bá ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀ lójijì, bó bá sì ti ń sáré gan-an, yíyí sọ́tùn-ún máa ń nira fún un. Ohun tí wọ́n fi kọ́ awakọ̀ wọn nìyẹn: bí Zero bá wà lẹ́yìn rẹ, ti imú bàálù rẹ sísàlẹ̀ lójijì, kó o sì yí sọ́tùn-ún.