Bá a ṣe ń mọ òjé tó wà nínú òkúta góòlù

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Àbúrò ọkọ mi tó ń wa góòlù ní Zamfara kó àpò òkúta wá sílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́ lọ̀ ọ́ níbi ẹ̀rọ ata wa. Ṣé ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń yẹ òjé wò yẹn tó, àbí ká gbé e lọ láàbù?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé ibi ẹ̀rọ ata yẹn rárá. Lọ́dún 2010, ní Zamfara yẹn náà, lábúlé bíi Dareta àti Yargalma, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ òkúta góòlù, inú ilé ni wọ́n tún ti ń ṣe é, eruku ẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀, ọmọ tó kú lé ní 400. Òjé ló pa wọ́n. Ó máa ń wà nínú galena, òkúta dúdú tó wúwo tó sì ń dán bí irin, ẹ̀gbẹ́ góòlù ló máa ń wà. Tẹ́ ẹ ò bá sì rí èyí tó ń dán, ẹ má fọkàn balẹ̀ o, torí èyí tí òjò àti afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́ kì í dán mọ́, òun gan-an lara sì ń tètè gbà.

Ẹ̀rọ ọwọ́ yẹn, XRF, dáa, àmọ́ ojú ibi tẹ́ ẹ bá gbé e lé nìkan ló ń rí. Ẹ gbé e sórí galena, á ní òjé kún ibẹ̀, ẹ sún un díẹ̀ síbi funfun, á ní kò sí nǹkan kan. Torí ẹ̀ la ṣe ń bu díẹ̀díẹ̀ látinú gbogbo àpò, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, láàbù á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á pín in sí mẹ́rin, wọ́n á mú ìdá méjì tó kọjú síra, wọ́n á tún pò ó, títí á fi ku ìwọ̀nba. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, torí omi máa ń jẹ́ kí òjé kéré lójú ẹ̀rọ. Arsenic, májèlé míì, náà wọ́pọ̀ nínú òkúta góòlù, àmì ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òjé dọ́gba, ẹ̀rọ lè fi ọ̀kan pe èkejì. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí láàbù fi ásíìdì yọ́ ọ, kí wọ́n fi AAS tàbí ICP, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ láàbù tó ń wọn irin tó ti yọ́ sínú omi, wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi èsì òkúta tí wọ́n ti mọ òjé inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n wọn péye, tí wọn ò bá ní, ẹ gba ibòmíì lọ.

Tí èsì bá ní òjé jẹ́ 1%, 10,000 ppm nìyẹn, ìyẹn ìdá 10,000 nínú mílíọ̀nù kan. 400 ppm ni Amẹ́ríkà fi ṣe òdiwọ̀n ilẹ̀ tọ́mọdé ń ṣeré lórí ẹ̀ lọ́dún 2010 yẹn.

Tí wọ́n bá sì ti lọ̀ lára ẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ lé àwọn ọmọ kúrò, kẹ́ ẹ kó wọn lọ sọ́sípítù kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé.