Ojú ọmọ mi ń yà sí imú: ṣé kí n dúró kó tò fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù méje. Ojú rẹ̀ ọ̀tún máa ń yà sọ́dọ̀ imú, pàápàá tí oorun bá ń kùn ún. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé á tò tó bá dàgbà. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọmọ kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má dúró, mà. Ọ̀rọ̀ Màmá ò ṣàìní òtítọ́ nínú o. Ojú ọmọ jòjòló a máa ṣe bákan, kí ọ̀kan kọjú sí Dùgbẹ̀, kí èkejì kọjú sí Sángo. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa pé oṣù mẹ́rin, ó yẹ kí méjèèjì ti jọ máa lọ. Tiyín ti kọjá ìyẹn.

Ojú nìkan kọ́ ló ń ríran. Ọpọlọ ló ń kọ́ ìríran, ẹ̀kọ́ náà sì ń lọ títí ọmọ á fi tó bí ọdún méje, mẹ́jọ. Tí ojú kan ò bá gbé àwòrán tó dáa wá, ọpọlọ á pa á tì, á gbájú mọ́ èkejì. Ọmọ ò ní ṣàròyé, torí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ dán èyí wò nílé. Nígbà tó bá yó tó sì ń ṣeré, ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì máa fi nǹkan aláwọ̀ títàn hàn án. Kó má jẹ́ ṣẹẹrẹ o, etí ló máa dáhùn ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ ṣíji bo ojú òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Tó bá ń ké, tó ń ti ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bo òsì, àmọ́ tí kò kọbi ara sí i nígbà tí ẹ bo ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀tún má ríran dáadáa. Tí kò bá sì ké rárá, ẹ ṣì gbé e wá.

Ẹ wo fọ́tò tí ẹ fi iná fóònù yà. Tí ọmọlójú kan bá pọ́n, tí èkejì funfun bí ojú ológbò lóru, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà míì, ọ̀nà tí iná gbà wọlé ni. Nígbà míì, jẹjẹrẹ inú ojú ni, ìyẹn sì ń pa ọmọ tí wọ́n bá fi falẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá máa ń yìn: ojú ńlá rogodo. Tó bá ń ṣomi, tó ń sá fún oòrùn, tí dúdú rẹ̀ sì ṣe bí ìkùukùu, ìfúnpá ló ń fẹ̀ ẹ́ látinú.

Ẹ má ro omi ọmú sójú ọmọ.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka ojú ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ojú tó ní dókítà ọmọdé. Wọ́n á kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, oòrùn á sì máa ta á lójú, nítorí náà ẹ mú fìlà dání. Ó lè jẹ́ awò ojú ni wọ́n máa fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ oṣù méje ń lo awò. Ẹ mú fọ́tò tí ojú ibẹ̀ yà dání pẹ̀lú, torí ọmọ kì í sábà ṣe é níwájú dókítà. Kí Màmá náà bá yín lọ: wọ́n á béèrè bóyá ojú bàbá ọmọ yà rí ní kékeré.