Ẹ má tíì fi ọjọ́ sí àwo yẹn

Ẹ ní iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kékeré tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀: àwo vinyl kan, kásẹ́ẹ̀tì kan, àti orin ẹyọ kan tó máa jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kéde mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jáde sí i, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ẹ ò jókòó lásán. Tó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kéde orin ẹyọ yẹn pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ lè dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ àwo vinyl yẹn, ẹ má fi ọjọ́ kankan sí i títí ẹ ó fi fi etí ara yín gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ o. Owó ló bá ẹ̀kọ́ yìí lọ lọ́wọ́ mi, ọ̀rẹ́ kan sì bá a lọ pẹ̀lú.

Àwo kẹta tí a gbé jáde ni. Ọjọ́ tí wọ́n fi máàsítà, ìyẹn orin tí wọ́n ti parí gbogbo iṣẹ́ lórí rẹ̀, ránṣẹ́ sí mi gan-an ni mo ti kéde. Mo gbé àwòrán páálí rẹ̀ síta, mo kọ ọjọ́ sí i gàdàgbà, mo ní kí àwọn èèyàn máa sanwó sílẹ̀. Wọ́n sì san án, kódà wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Owó yẹn náà ni mo kó fún ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo. Àwọn yẹn ní ọ̀sẹ̀ 12 ni. Mo ṣí kàlẹ́ńdà, mo ka ọ̀sẹ̀ 12 geere, mo sì fi ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ṣe ọjọ́ ìjáde. Mi ò fi ọjọ́ kan péré sílẹ̀ fún ohun tó bá lè yí padà.

Ohun tí mi ò bi wọ́n léèrè ni pé ìgbà wo ni ọ̀sẹ̀ 12 yẹn ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ sí test pressing ló ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mo sanwó. Test pressing yìí ni àwo mélòó kan tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, tí wọ́n á fi páálí funfun báláú bò, kí ẹ lè gbọ́ ọ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Èmi ti ń ka ọjọ́, àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Nígbà tó dé, mo fi ojú kìíní sí i, mo gbọ́ ọ tán, kò ní àbùkù kankan. Mo yí i sí ojú kejì. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ó wá kan èyí tó kẹ́yìn, tí ohùn obìnrin tó ń kọrin náà máa ń lọ sókè fíofío, ni gbogbo ibi tó bá ti pe "s" tàbí "ṣ" bá ń dún ṣììì, bí ìgbà tí omi bá ta sórí irin gbígbóná. Mo rò pé abẹ́rẹ́ mi ló ti gbó. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ṣììì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹ̀rọ tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Òun náà kàn wò mí lójú ni, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí yín náà. Ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni àwo máa ń yí po ní ìṣẹ́jú kan, yálà abẹ́rẹ́ wà létí àwo ni o tàbí nítòsí àárín. Ṣùgbọ́n etí àwo fẹ̀, àárín rẹ̀ kéré. Létí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá fi máa dé orin tó kẹ́yìn, kò ju bíi 21 lọ mọ́. Orin tó yẹ kó gba yàrá méjì ni wọ́n wá fún mọ́ yàrá kan. Àwọn ìró tó mú ṣáṣá ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìyẹn "s", símbálì (páànù tí wọ́n ń lù mọ́ ìlù) àti irú wọn. Lórí ìyẹn, ìṣẹ́jú 26 ni mo rọ́ sí ojú kan, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 22 lórí àwo oníínṣì 12. Tó bá ti gùn jù, wọ́n ní láti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àyè tó lè gbà á.

Ẹ̀bi mi ni látòkèdélẹ̀. Ẹni tó gé àwo náà ti kọ ọ́ sínú ímeèlì pé kí n gbé orin tó rọlẹ̀ sí ìparí ojú kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ kẹrin ló wà. Ìpínrọ̀ kejì ni mo kà dé, torí ibẹ̀ ló ti sọ pé máàsítà wa dáa.

Bí a ṣe tún ojú kejì gé nìyẹn. Wọ́n ní láti gé lacquer tuntun, ìyẹn àwo rírọ̀ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé orin sí, kí wọ́n ṣe irin òǹtẹ̀ mìíràn, kí wọ́n tẹ test pressing mìíràn, kí a sì padà sẹ́yìn ìlà. Ìgbà yẹn gan-an ni ìlà sì gùn jù. Ní oṣù kejì ọdún 2020 ni iná jó Apollo Masters ní Banning, ní Kalifọ́níà. Ilé-iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe àwo lacquer tí wọ́n ń gé orin sí ní gbogbo ayé, òun sì ni ọ̀kan; ìkejì ni MDC ní Japan, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù nígbà náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni kòrónà dé, táwọn èèyàn jókòó sílé tí wọ́n ń ra àwo. Àwọn olórin ńlá náà ń tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú wa. Ọ̀sẹ̀ 12 mi di oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ ò lè mọ bí oṣù mẹ́sàn-án ṣe gùn tó àfi tí owó ẹlòmíì bá wà lọ́wọ́ yín. Lóṣù àkọ́kọ́ wọ́n ń rọra béèrè. Lóṣù kẹta, ọ̀rọ̀ wọn ti ń le. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí mi, "Ṣé àwo ti jáde?", kò ní kí mi, kò ní bú mi. Òun ni mo bẹ̀rù jù. Àwọn tó ní kí n dá owó àwọn padà, àpò ara mi ni mo ti san án, torí tiwọn ti wà lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wo. Olórin náà fúnra rẹ̀ ti to gbogbo eré rẹ̀ yí ọjọ́ tí mo kéde ká. Ó ń kọrin láti ìlú kan dé òmíràn, tábìlì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àwo lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ní báyìí, bí test pressing kò bá tíì dé kí n gbọ́ ọ kí n sì fọwọ́ sí i, ohun tí mò ń kọ sínú ìròyìn wa kò ju báyìí lọ: "Máàsítà ti parí. Àwo wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. A ó fi ọjọ́ sí i tí a bá ti gbọ́ ọ." Ẹnu máa ń yà mí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn irú gbólóhùn yìí. Wọ́n máa ń fèsì pé àwọn ń retí i. Ọ̀rọ̀ tí mo ti yọ kúrò lẹ́nu pátápátá ni "láìpẹ́". Bí ẹ bá ti sọ "láìpẹ́" lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó máa gbà yín gbọ́ mọ́. Owó tí wọ́n bá san sílẹ̀ ńkọ́? Mi ò gbà á mọ́ àfi tí àwo bá ti wà nínú páálí nínú ilé mi.

Orin ẹyọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ lè fi ọjọ́ sí láìfòyà, torí ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀. Èmi máa ń gbé e fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa pín orin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ṣáájú. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn olùṣàyẹ̀wò tó ń ṣa orin jọ ní Spotify, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́ ọ, kó sì dé inú Release Radar (àkójọ orin tuntun tí Spotify ń ṣe fún olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan) ti àwọn tó ń tẹ̀ lé olórin yín, ẹ ní láti ti fi í síwájú wọn, ó kéré tán, ọjọ́ méje kó tó jáde. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ olórin kan. Tó bá ti jáde, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ISRC rẹ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá orin kọ̀ọ̀kan mọ̀, òǹkà àti lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 12, nítorí bí orin yẹn bá tún wọ inú àwo gígùn lọ́jọ́ iwájú, nọ́ńbà kan náà ni kó máa lò. Èmi lo nọ́ńbà tuntun nígbà kan, orin kan náà wá di méjì lórí Spotify, iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ èyí àkọ́kọ́ kò sì tẹ̀ lé èkejì.

Kí ẹ tó fi líǹkì ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Orin wa kan já sójú ewé olórin mìíràn tí orúkọ wọn jọra. Àárọ̀ ọjọ́ ìjáde, gbogbo ẹni tó tẹ líǹkì náà, ojú ọkùnrin oníirùngbọ̀n kan tí a ò mọ̀ rí ni wọ́n ń rí, orin wa wà láàárín tiẹ̀. Ọjọ́ 11 gbáko kí wọ́n tó tún un ṣe. Olórin wa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ dòní, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì: látọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ orin ti fi Ẹtì ṣe ọjọ́ ìjáde káàkiri ayé. Kó tó dìgbà yẹn, Ajé ni ti Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣẹ́gun ni ti Amẹ́ríkà. Orin ẹyọ yín, ẹ fi sí Ẹtì, torí Ẹtì ni Release Radar ń yí padà. Kásẹ́ẹ̀tì kò ní ìdí kankan tó fi gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ tí gbogbo olórin ńlá ń pariwo. Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni mo máa ń fi tiwa sí. Ohun tó kù nípa kásẹ́ẹ̀tì kò pọ̀: ẹ ṣáà jẹ́ kí ojú méjèèjì gùn dọ́gba, kí téèpù má baà máa yí lásán níparí.

Ẹ tún bi mí bóyá ìkéde orí Instagram tó. Kò tó. Látọdún 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Spotify. Púpọ̀ nínú orin irú wa kì í tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa ló ń gbé wa ró, ímeèlì sì ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bandcamp, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń tajà fún wọn, ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tí wọ́n bá gbà sórí ẹ̀rọ, àti ìdá 10 lórí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì. Láwọn ọjọ́ Bandcamp Friday, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọn kì í yọ tiwọn. Ọjọ́ náà dára, àmọ́ gbogbo ayé ló ń kọ ímeèlì lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ fi tiyín ránṣẹ́.

Kí ímeèlì kan má sì ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo ti kọ èyí tó ní ìròyìn méje rí, àwòrán rẹpẹtẹ. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ìlà mẹ́rin àti líǹkì kan, ó sì ta kásẹ́ẹ̀tì wa tán.

Tí nǹkan bá wá yí padà, bí ẹ bá ti gbọ́ lẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ láìfi bò, ẹ sọ ohun tó kàn, kí ẹ sì fi owó wọn lọ̀ wọ́n kí wọ́n tó béèrè. Ẹni ọjọ́ Ajé yẹn ṣì ń ra àwo lọ́wọ́ mi.

Test pressing àwo wa tó ń bọ̀ dé lánàá. Mo ti gbọ́ ojú kìíní lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú 19 ni ojú kejì, gìtá nìkan ló wà lórí orin tó kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n lọ yí i padà.