Ká fọ́ kọnkéré ni, àbí ká gba abẹ́ rẹ̀ kọjá? Ohun tí ojú mi ti rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá ilé o. Ẹ ní ínfátà yín wà ní bọ́yìs kọ́tà lẹ́yìn ilé, ẹ fẹ́ fa iná dé yàrá ọlọ́dẹ lẹ́bàá géètì, àmọ́ kọnkéré tí mọ́tò ń gbà wọlé, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ló dábùú ọ̀nà. Ẹ tún ní páìpù omi bóòhóòlù gba abẹ́ ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó gbà gan-an. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fọ́ kọnkéré náà, kí ẹ gbẹ́ kòtò, àbí kí ẹ ti páìpù tí waya iná máa wà nínú rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Mo ti ṣe méjèèjì, méjèèjì ló sì ti jẹ mí lówó.

Fífọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nílé ara mi ní Ìbàdàn. Mo pe ọmọkùnrin méjì, mo fún wọn ní ṣísù àti òòlù ńlá, wọ́n sì ti la kọnkéré náà já kí oòrùn tó kan àtàrí. Ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ ló wá le bí irin. Nígbà tí kòtò jìn tó ínṣì 8, àwọn ọmọ ń mí hẹlẹ, èmi náà ń wo aago, mo ní ó ti tó. A tẹ́ páìpù, a da erùpẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bíríkìlà sì da kọnkéré lé e lórí lọ́jọ́ náà. Ó dán gbinrin.

Òjò oṣù kẹfà dé, ojú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kò pẹ́ sí i, tipa kan já yanrìn wọlé fún mi, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kó sí ibẹ̀, kọnkéré ya bí bisikíìtì, páìpù abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Waya kò já, ara rẹ̀ ló bó. Láti ìgbà yẹn, gbogbo òru tójò bá ti rọ̀ ni bírékà ń já. Oṣù méjì ni mo fi wá a. Mo pààrọ̀ bírékà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá ọlọ́dẹ jà pé sítóòfù oníná ló fi ń se ẹ̀wà lóru. Bàbá yẹn ṣì ń rán mi létí títí dòní.

Dídí kòtò yẹn padà ni mo ṣe bàjẹ́. Erùpẹ̀ tí a bá hú, tí a dà padà gììrì, òfìfo pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ kò bá kì í, òjò àti mọ́tò yóò bá yín kì í. Nísinsìnyí, bí mo bá da ínṣì 6, màá rin ín díẹ̀, màá gún un kó le, kí n tó da ínṣì 6 mìíràn lé e. Yanrìn nìkan ló ń kan páìpù lára, mi kì í jẹ́ kí òkúta sún mọ́ ọn. Nípa jíjìn rẹ̀, mọ̀lẹ́bí mi kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Houston ló là mí lójú. Ó ní ìwé òfin iná Amẹ́ríkà, NEC, fẹ́ ínṣì 18 láti orí páìpù rọ́bà dé ojú ilẹ̀ níbi tí mọ́tò ilé àdáni ń gbà, ó sì fẹ́ ínṣì 24 lábẹ́ títì. Nígbà tí mo sọ fún un pé ínṣì 8 ni tèmi, ẹ̀rín ni mo ń gbọ́ lórí fóònù.

Ìyẹn ló mú mi sá fún òòlù nígbà tó kan ilé àǹtí mi ní Ajah. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré tuntun, wọ́n ní ẹni tó bá fi ṣísù kàn án, àwọn àti onítọ̀hún ni. A gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, a so rọ́bà omi mọ́ ìdí páìpù, a ṣí ẹ̀rọ omi, a ń tì í. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, páìpù ń yọ́ lọ bí ejò, ogún ìṣẹ́jú kò pé tó fi yọrí lódì kejì. Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé yanrìn tó ń bá omi jáde wá yẹn, níbo ló ti ń wá. Abẹ́ kọnkéré ló ti ń wá! Kí ọdún tó yí po, ibi tí àǹtí máa ń gbé mọ́tò sí ti là. Ẹ fi igi kàn án, ó ń dún bí ìlù. Èmi ni mo sanwó tí wọ́n fi fọ́ kọnkéré tí wọn ò jẹ́ kí n fọ́, tí wọ́n fi dí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi da òmíràn.

Mo tún gbìyànjú ọ̀nà gbígbẹ, láìlo omi, ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn: páìpù irin ínṣì 2 tí a pọ́n imú rẹ̀, tí a ń fi òòlù lù wọlé. Ó pàdé òkúta lábẹ́ ilẹ̀, imú rẹ̀ yí, ó sì wọ inú páìpù omi lọ. A kò rí i, omi tó kún ihò ló sọ fún wa.

Torí náà, fún tiyín, ẹ fọ́ ọ. Páìpù omi tí a kò mọ ibi tó wà ti parí ẹjọ́ náà. Ká ní ilẹ̀ pupa tí kò ní òkúta ni, tí ẹ sì mọ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀, ǹ bá ní kí ẹ lu páìpù irin gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó di ẹ̀wù fún páìpù rọ́bà. Tó bá sì jẹ́ pé íńtálọ́ọ̀kù lẹ tẹ́, kí la tún ń sọ? Ẹ tú u, ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ tò ó padà. Ẹ̀rọ ńlá tí àwọn onífíbà, àwọn tó ń ri waya íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, fi ń gba abẹ́ títì kọjá kò bá ọgbà ilé mu. Ẹ̀gbẹ̀gbẹ́ ló ti ń wọlẹ̀, ó nílò àyè gígùn kó tó dé ibi tó jìn. Títì ìjọba ní tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba ìwé. Ní Èkó, LASIMRA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá.

Kí ẹ tó fọ́ ọ, ẹ fi ẹ̀rọ alábẹ dáyámọ́ǹdì gé ìlà méjì tó gún, kí etí rẹ̀ má baà rí jágajàga. Tí ẹ bá ti kọjá kọnkéré, ẹ gba díígà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì rọra wá páìpù omi náà. Páìpù méjì ni kí ẹ tẹ́, kódà bí waya kan ṣoṣo lẹ ní. Kámẹ́rà ń bọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Ẹ fi okùn tí ẹ máa fi fa waya lọ́jọ́ iwájú sínú èyí tó ṣófo, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀, torí èkúté. Lára kọnkéré àtijọ́, ẹ lu ihò, ẹ ki irin mílímítà 12 bọ̀ ọ́ kí ti tuntun lè dì í mú. Ẹ fi àpò tútù bo ojú rẹ̀ fún ọjọ́ 7, kí mọ́tò kankan má gun orí rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Tipa ní tiẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 28.

Kí ẹ tó bo kòtò, ẹ na tépù láti ara ògiri dé orí páìpù omi àti páìpù waya, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Èmi kò ya tèmi. Páìpù kejì tí mo tẹ́ nílé mi wà lábẹ́ kọnkéré níbì kan báyìí, bíríkìlà sì ti ń bọ̀ wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.