Ṣé Dandan Ni Kí Gbogbo Ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà Bá A Ju Bọ́ǹbù Nítorí Ọkọ̀ Ẹrù?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà yín pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ Òkun Pupa tá a sọ nínú ẹ̀dà tó kọjá ló sì dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, pé àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó ń ṣàkóso apá kan Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ ẹrù ní oṣù kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù lù wọ́n ní oṣù kìíní 2024. Mẹ́ta ni mo lè mú jáde.

ÌBÉÈRÈ: Táìlì ni mò ń tà ní Ṣàgámù, China lẹrù wa ti ń wá. Lọ́dún 2024 ajẹ́ńtì tó ń bá wa gbẹ́rù jáde ní Àpápá ní owó kọ̀ǹténà ti lọ sókè nítorí ogun Òkun Pupa. Mo wá gbọ́ pé ọkọ̀ tó ń ti China bọ̀ l'Ékòó ò kúkú gba ibẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó rẹ́ mi jẹ báyìí? (Ìyá Alátáìlì, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Màmá, òótọ́ lẹ gbọ́, ajẹ́ńtì yín náà ò sì parọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti China bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ South Africa ni wọ́n ń gbà yí wá, wọn ò dé Suez rárá, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì, tí ọkọ̀ ń gbà láti Òkun Pupa lọ sí Yúróòpù. Àmọ́ àwọn tó ń lọ Yúróòpù, tó jẹ́ Suez ni wọ́n ti máa ń gbà, àwọn náà sá lọ gba ìsàlẹ̀ South Africa, ìyẹn sì fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kún ìrìn wọn, ọkọ̀ tó yẹ kó ti já ẹrù kó sì ti padà wá kó òmíràn ṣì wà lórí omi, ọkọ̀ wá wọ́n, kọ̀ǹténà òfìfo wọ́n, gbogbo ayé ń du ìwọ̀nba tó kù. Ìṣirò ilé iṣẹ́ Drewry, tó máa ń wo iye tí wọ́n fi ń gbé kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ 40 lórí òkun, ò tó $1,500 ní oṣù kọkànlá 2023. Nígbà tí oṣù kìíní 2024 fi máa parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $4,000. Tí ajẹ́ńtì yín bá tún wá fi díẹ̀ lé e fún ara ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, ẹ ní kó mú rìsíìtì wá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ pé ẹ ò fara mọ́ ọn kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù dá sí jíju bọ́ǹbù. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwa, ẹni tí ò bá dáwó aṣọ Ojúde Ọba ò lè wá jókòó sábẹ́ kánópì wa kó máa jẹun. Ẹrù Faransé, ti Ítálì, ti Spéènì tó ń ti Éṣíà bọ̀, Suez ni púpọ̀ ẹ̀ máa ń gbà. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ló ju bọ́ǹbù, Australia, Bahrain, Canada àti Netherlands tì wọ́n lẹ́yìn, àwọn mẹ́ta yẹn ń wòran. Ọ̀rẹ́ kí nìyẹn? (Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú Òde)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, torí mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí ò dáwó. Àmọ́ Faransé àti Ítálì tẹ́ ẹ ní wọ́n ń wòran yìí dáwó o, aṣọ tí wọ́n rà ló yàtọ̀. Ní 19 oṣù kejì 2024 European Union, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n wà nínú ẹ̀, dá iṣẹ́ ọkọ̀ ogun kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Aspides, Larissa ní Greece ni wọ́n ti ń darí ẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún wọn ò lọ́jú pọ̀: ẹ sin ọkọ̀ ẹrù, ohunkóhun tó bá ń fò bọ̀ ẹ já a lulẹ̀, àmọ́ ẹ má ju nǹkan kan sórí ilẹ̀ Yemen. Iṣẹ́ yẹn sì léwu. Oṣù náà ò tíì parí tí ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Hessen, fi yin mísáìlì méjì sí dúróònù kan tó wá já sí ti Amẹ́ríkà, ọ̀rẹ́ ń yìnbọn sọ́rẹ̀ẹ́, Ọlọ́run ló ní kó tàsé. Kò sì sí ìwé àdéhùn NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó fi dandan mú wọn, torí ìkọlù ní Yúróòpù àti North America ni Article 5 ibẹ̀, tó ní ẹni tó bá kọlu ọ̀kan kọlu gbogbo wọn, ń sọ, kò kan ọkọ̀ ẹrù lẹ́bàá Yemen.

Ẹ wá wo ọkọ̀ epo Sounion. Àwọn ará Greece ló ni ín, epo rọ̀bì inú ẹ̀ tó nǹkan bí 150,000 tọ́ọ̀nù. Oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n kọlù ú, ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ ogun Faransé kan tó wà nínú Aspides sáré lọ kó àwọn tó wà níbẹ̀ jáde láàyè. Nígbà tí ọkọ̀ ti wá wà lófìfo, àwọn Houthi gùn ún, wọ́n to bọ́ǹbù sórí déèkì, wọ́n yìn ín, wọ́n tún ṣe fídíò ẹ̀ fún aráyé wò. Iná wá ń jó lókè, epo wà nísàlẹ̀, àwọn apẹja Yemen àti Eritrea sì wà lẹ́bàá ibẹ̀ tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n bá àwọn Houthi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà kí wọ́n wá fa ọkọ̀ náà lọ, àwọn ọkọ̀ ogun Aspides yí i ká, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án wọ́n fà á kúrò. Kò sí bọ́ǹbù kankan nínú ìyẹn.

Ní ti bọ́ǹbù, Amẹ́ríkà kúkú tún jù ú. Láti 15 oṣù kẹta 2025 títí di 6 oṣù karùn-ún ni, owó tí wọ́n ná lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní èbúté epo Ras Isa ní Yemen nìkan, àwọn Houthi ní èèyàn tó lé ní 70 ló kú. Gẹ̀ẹ́sì náà bá wọn dá sí i ní ìparí oṣù kẹrin. Ibo ló wá já sí? Oman là wọ́n, àdéhùn sì ni pé kí Houthi má fọwọ́ kan ọkọ̀ Amẹ́ríkà mọ́, kí Amẹ́ríkà náà jáwọ́. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà o! Kò tó oṣù méjì àtààbọ̀ sígbà yẹn tí àwọn Houthi fi ri ọkọ̀ ẹrù méjì tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, Magic Seas àti Eternity C, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Bàbá, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ sógun ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń parí ẹ̀, wọn ò sì dárúkọ ọkọ̀ tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìjẹ̀bú Òde ló sì yẹ kó kọ́kọ́ yé. Àwọn baba wa dí ọ̀nà òwò rí. Ẹrù Èkó tó bá ń lọ sókè, ọwọ́ wa ló gbọ́dọ̀ gbà, a ń gba owó bodè, tí inú bá bí wa a ó ti ọ̀nà pa. (Mi ò ní àwọn baba wa jọ Houthi o, ẹ má fi lẹ́tà bò mí.) Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn fẹ́ ṣílẹ̀kùn òwò ni, oṣù karùn-ún 1892 wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ wọlé pẹ̀lú ìbọn Maxim, àwọn sójà Hausa láti Èkó àti Gold Coast tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Ìbàdàn kan pàápàá wà níbẹ̀, torí ọ̀nà tá a dí yẹn ń dùn wọ́n. Wọ́n ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ́n, ọ̀nà sì ṣí. Nígbà tó di 1893 Ìbàdàn náà ti fọwọ́ síwèé àdéhùn fún Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó Resident, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti wà lórí wọn. Ṣé ohun tí wọ́n bá wọn lọ jà fún nìyẹn?

Mi ò ní tan yín pé sísin ọkọ̀ tó o. Eternity C ò ní ọkọ̀ ogun kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀ kan sì kú. Ọkọ̀ Aspides ò pọ̀ rárá, mísáìlì kan tí wọ́n fi ń já dúróònù sì lè tó mílíọ̀nù méjì dọ́là, nígbà tí dúróònù ọ̀hún ò gbówó lórí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ọ̀rẹ́, ọkọ̀ ogun ni kó mú wá, kó wá sin èèyàn. Tí wọ́n bá wá ní kó ju bọ́ǹbù, kó kọ́kọ́ béèrè ta ló máa sọ pé ó tó, àti ọkọ̀ ta ni àlàáfíà máa kàn.

ÌBÉÈRÈ: Tí wọ́n bá pe Nàìjíríà ńkọ́, ṣé ààrẹ lè kàn rán àwọn sójà wa lọ? Ẹ tún bá mi sọ nípa fọ́ọ̀mù Navy. (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ìwé òfin 1999, abala karùn-ún, ní ààrẹ ò lè rán sójà lọ jagun lókèèrè láìjẹ́ pé Sẹ́nétọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àfi tí ewu bá ti sún mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè wa, ìyẹn náà ó gbọ́dọ̀ wá gbàṣẹ Sẹ́nétọ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ìwọ náà rántí oṣù kẹjọ 2023, nígbà tí sójà gbàjọba ní Niger tí ààrẹ kọ̀wé sí Sẹ́nétọ̀ nípa rírán sójà lọ, Sẹ́nétọ̀ ní kí wọ́n lọ fẹnu yanjú ẹ̀. Omi tiwa gan-an ti tó iṣẹ́ ṣe. Ní 2020 Navy wa lọ gba ọkọ̀ apẹja China kan, Hailufeng 11, lọ́wọ́ àwọn ajínigbé orí omi, wọ́n tú àwọn èèyàn 18 sílẹ̀, wọ́n mú ọ̀daràn mẹ́wàá, ilé ẹjọ́ l'Ékòó sì ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́wọ̀n ọdún 12 ní 2021. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn di ẹ̀dà tó ń bọ̀, àmọ́ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá ẹ gbà á.