Ẹ tètè béèrè kí wọ́n tó san owó náà tán

Ẹ bi mí léèrè bóyá ẹni tí kì í ṣe oníbàárà lè ní kí báńkì ìdàgbàsókè, ìyẹn báńkì tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa yá àwọn iṣẹ́ ńlá lówó, ṣàlàyé ohun tó ń fi owó ṣe. Ẹ lè béèrè dáadáa. Ìgbà tí ẹ bá béèrè ló ṣe kókó jù, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí títí dòní.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tí ìsédò kan gba ilẹ̀ oko wọn. Ọdún méjì gbáko la fi ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé báńkì ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ló yá wọn lówó. Nígbà tá a fi máa mọ̀, báńkì ti san gbogbo owó náà tán. Wọ́n gbà pé àwọn ṣàṣìṣe, wọ́n tún bẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́ tí wọ́n lè fi mú iléeṣẹ́ náà. Owó tí báńkì ò tíì san ni agbára rẹ̀.

Torí náà, ẹ wá orúkọ ẹni tó yá wọn lówó ná. Ẹ wo pátákó ibi iṣẹ́. Bí ayánilówó bá ju ẹyọ kan lọ, bó sì ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, ẹ kọ̀wé sí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Láti ọdún 2014 ni FMO, báńkì ìdàgbàsókè ti Netherlands, àti DEG, ti Jámánì, ti ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn àwọn ará ìlú tí iṣẹ́ kàn.

Wọ́n á ní àṣírí oníbàárà ni. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Brazil sọ pé dandan ni kí BNDES, báńkì ìdàgbàsókè wọn, kó ìwé ẹ̀yáwó iléeṣẹ́ ẹlẹ́ran JBS fún àjọ tó ń yẹ owó ìjọba wò. Owó ìlú ni, wọn ò lè fi àṣírí báńkì bò ó mọ́ àjọ náà lójú. Lóòótọ́, àwọn ayẹ̀wéwò ni ìdájọ́ yẹn ṣílẹ̀kùn fún, kì í ṣe èmi àti ẹ̀yin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí ayẹ̀wéwò àgbà àti àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè tó ni báńkì náà. Wọ́n lè rí ohun tí wọn ò ní fi hàn yín láé.

Ẹ kọ ọjọ́ sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì jẹ́: ìgbà wo lẹ máa san owó tó kàn?