Ṣé Father Tansi ti di sẹ́ńtì ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ní Father Tansi, fáádà Kátólíìkì ọmọ Nàìjíríà yẹn, ti di sẹ́ńtì, màmá mi ní rárá. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Màmá yín ló jàre o. Ẹni Alábùkún ni wọ́n ṣì ń pè é, ìyẹn ipò tó ṣáájú sẹ́ńtì, Póòpù John Paul Kejì ló kéde ẹ̀ ní Oba, nítòsí Onitsha, ní March 1998, ó ṣì ku iṣẹ́ ìyanu kan sí i kó tó lè di sẹ́ńtì. Ọmọ Aguleri ni, 1903 ni wọ́n bí i, òun ló ṣèrìbọmi fún Arinze tó padà wá di Kádínà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé fáádà tí gbogbo ìjọ mọ̀ bí ẹni mowó, ó kẹ́rù lọ England ní 1950, ó lọ jókòó ti àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nínú òtútù Leicestershire, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ dídi ojú ìwé pọ̀ mọ́ èèpo. Ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1964.